Ìbéèrè Yín: Ìgèrè Tàbí Àwọ̀n Wíwọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oúnjẹ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Edé ńlá tí wọ́n ń pè ní langoustine, tí wọ́n bá fi ìgèrè mú un, a máa wọ́n ju èyí tí ọkọ̀ fi àwọ̀n wọ́ lọ, wọ́n sì ń sọ pé ìgèrè kì í ba òkun jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo apẹja Scotland kò kúkú pa àwọ̀n tì?
Òǹkàwé yín, Glasgow.

ÌDÁHÙN: A kí yín o. Èyí tí wọ́n sọ nípa òkun kò jìnnà sí òótọ́; ọ̀rọ̀ owó àti ti iye ìgèrè ni wọn kò sọ tán.

Inú ihò tó gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni edé yìí ń gbé. Ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n a máa ha ẹrẹ̀ náà kiri, bí ojú àwọ̀n sì ti kéré, a máa kó ọmọ ẹja mọ́ ọn, tí ọ̀pọ̀ wọn á ti kú kí wọ́n tó dà wọ́n padà sómi. Ẹni tó ń dẹ ìgèrè ní tirẹ̀ á fi ẹja oníyọ̀ ṣe ìjẹ, á so ìgèrè púpọ̀ mọ́ okùn gígùn kan, á sì padà wá fà wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Sweden lọ́dún 2008 fi hàn pé epo dísù tí wọ́n fi ń wọ́ kílò edé kan ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìgèrè lọ.

Edé inú ìgèrè ń dé èbúté láàyè. Inú àpótí oníhò tóóró ni wọ́n ń ki wọ́n sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Sípéènì àti Faransé; èyí tí àwọ̀n wọ́, ìrù nìkan ni wọ́n ń gé lára púpọ̀ nínú rẹ̀ fún scampi, ìyẹn ìrù edé tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun bò dín. Ibẹ̀ ni owó gọbọi ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà: nígbà tí ilé oúnjẹ tì pa lọ́dún 2020, àti nígbà tí ìwé ẹrù há ọkọ̀ mọ́nà ní oṣù kìíní ọdún 2021 lẹ́yìn tí Bìrìtìkó kúrò nínú ọjà Yúróòpù, ọjà ààyè edé dẹnu kọlẹ̀.

Ẹ wá wo Loch Torridon, apá òkun kan tó wọnú ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Lọ́dún 2001, wọ́n ya apá kan ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgèrè nìkan. Àwọn apẹja fẹnu kò lórí iye ìgèrè tí ọkọ̀ kan lè jù, wọ́n sì ń dá abo tó gbé ẹyin padà sómi, títí tí wọ́n fi gba ìwé ẹ̀rí MSC (Marine Stewardship Council), àjọ tó ń jẹ́rìí sí ẹja pípa tí kò ba òkun jẹ́, lọ́dún 2003. Àṣé oyin ni wọ́n tú sílẹ̀! Àwọn ọkọ̀ tí kò sí nínú àdéhùn ya wọ ibẹ̀, ìgèrè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, nígbà tó sì di ọdún 2011, ìwé ẹ̀rí náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Okùn tó bá pọ̀ báyìí lómi tún lè dè mọ́ àbùùbùtán lára.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá wọ́ àwọ̀n ní ọkọ̀, òṣìṣẹ́ àti gbèsè tí ìgèrè kò lè gbé, ìlà máìlì 3 tó sì ń lé wọn jìnnà sí etíkun Scotland tẹ́lẹ̀, òfin ọdún 1984 ti wọ́gi lé e. Ní Nàìjíríà, máìlì òkun 5 ni òfin ṣì yà sọ́tọ̀ fún apẹja kéékèèké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìwé yá ju orí omi lọ.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta edé fún yín bá tún yin ìgèrè, ẹ bi í pé mélòó ni wọ́n gbà kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jù níbi tó ti rà á.