Ìtàkùn tó fẹ́ gba kókò mọ́ mi lọ́wọ́

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Nausori, lórílẹ̀-èdè Fiji. Mo gbin kókò, tí wọ́n ń pè ní dalo níbí, sẹ́yìn ilé. Ìtàkùn kan gorí rẹ̀, kò fẹ́ sọ̀ mọ́. Lóṣù tó kọjá, mo fi àdá gé e wẹ́wẹ́, mo sì tàn án ká sáàárín ebè kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Ó ti wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Bàbá onílé mi ní àwọn sójà Amẹ́ríkà ló gbé e wá nígbà ogun, àti pé kí n má pa á tán, torí pé oògùn ni. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò sì sọ pé wọ́n ti tú àrùn kan sílẹ̀ tó ń bá ìtàkùn náà jà. Ṣé àrùn yẹn ò ní ran kókò mi? Fọ́tò rẹ̀ nìyí.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, àdá yẹn ló bá ọ gbìn ín.

Mo wo fọ́tò rẹ dáadáa. Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n dojú kọra, ó rí bí ọkàn. Níbi oríkèé, láàárín ọ̀pá ewé méjèèjì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Awọ yẹn ló jẹ́ kí n dá a mọ̀. Mikania micrantha ni, òun ni àwọn ará Fiji ń pè ní wa bosucu. Gbogbo oríkèé tí o rí lára rẹ̀ ló lè ta gbòǹgbò. Bí ẹyọ kan bá ti kan ilẹ̀ tútù, ó ti délé nìyẹn. Ìwọ wá gé okùn kan sí ogún, o tẹ́ wọn sáàárín ebè, òjò Nausori sì bá ọ bomi rin ín. Ó lè gùn ju mítà kan lọ láàárín oṣù kan. Kì í wọnú igi bí àfòmọ́ o. Orí kókò ló ń bò, tí oòrùn ò fi ní kan ewé rẹ̀.

Ti sójà yẹn, kí bàbá má bínú. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà ní Fiji, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ nípa ogun Hítílà. Bàbá nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣá: ní Vanuatu, okùn Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ń pè é. Àárín Amẹ́ríkà àti gúúsù rẹ̀ ló ti wá lóòótọ́. Ní Indonesia, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbìn ín sábẹ́ igi rọ́bà ní 1956, kó lè bo ilẹ̀. Ó bò ó.

Oògùn ńkọ́? Òótọ́ ni, wọ́n máa ń fún ewé rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, bí àwa náà ṣe ń fi ewé Akíntọ́lá ṣe. (Àwọn kan ní Awólọ́wọ̀ lorúkọ tiẹ̀, mi ò dá sí ìjà yẹn.) Pé kí o má pa á tán, má wulẹ̀ ronú sí i. O ò lè pa á tán.

Àrùn yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà rẹ. Ìran olú kan ni, Puccinia spegazzinii, láti Ecuador. Kí ó tó dé, wọ́n ti kọ́kọ́ tú kòkòrò tín-ín-rín kan sílẹ̀ ní Solomon Islands ní 1988, kò rọ́wọ́ mú. Olú yìí ló wá fìdí múlẹ̀ ní Papua New Guinea àti Fiji, láti nǹkan bí ọdún 2009. Wọ́n ti dán an wò lára oríṣiríṣi ewéko kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, nítorí náà kókò rẹ kò sí nínú ewu. Yí ewé ìtàkùn náà sẹ́yìn wò: bí ó bá ti mú un, wàá rí ilé roro kéékèèké tó pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ọ̀pá rẹ̀ á wú, á lọ́ wíńwín, á sì gbẹ láti ibẹ̀ lọ sókè. Àmọ́ hóró olú náà kì í fara da ọ̀gbẹlẹ̀, ewé tútù ló fi ń ríbi wọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbin èyí tó ti ṣàìsàn sínú ìkòkò, tí wọ́n á wá gbé e sáàárín àwọn tí ara wọn dá. Bí o ò bá rí i nítòsí rẹ, béèrè lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀. Má retí pé ìtàkùn á kú lọ́sẹ̀ kan ṣá. Ó kàn ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni.

Ní báyìí, fi oògùn èpò sílẹ̀, ewé kókò ò ní bọ́ nínú rẹ̀. Dúró kí òjò rọ̀, kí ilẹ̀ rọ̀, kí o fi ọwọ́ tọ okùn kọ̀ọ̀kan dé ìdí, kí o sì fà á tu kó tó yọ òdòdó funfun, torí afẹ́fẹ́ ló ń gbé èso rẹ̀ kiri. Má kó o jọ sílẹ̀. Èmi náà kó irú rẹ̀ jọ sẹ́bàá ọgbà rí. Òkè rẹ̀ gbẹ gbúrúgbúrú, mo fi ẹsẹ̀ yí i, abẹ́ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò funfun báláú. Orí páànù ni kí o sá a sí, títí yóò fi máa dún kẹrẹkẹrẹ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn wẹ́wẹ́ tó hù láàárín ebè yẹn ni kí o kọ́kọ́ tu, lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí gbòǹgbò wọn ò tíì ju ìka lọ.