Ṣé atọ́ka àti ìtọ́kasí, ọ̀kan náà ni?

Àbúrò kan ní Kubwa, l'Abuja níbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èdè kọ̀ǹpútà C++ bọ́ sí èdè Java, bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni Yorùbá ń pe pointer àti reference? Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Swap (àṣẹ tó ń pààrọ̀ nǹkan méjì) tí mo kọ ní C++ kọ̀, kò ṣiṣẹ́ ní Java."

Àwọn kan ń pe pointer ní atọ́ka, wọ́n ń pe reference ní ìtọ́kasí. Inú "tọ́ka" ni méjèèjì ti jáde, ohun tó ń da ọ̀pọ̀ lójú rú nìyẹn. Mo fara mọ́ atọ́ka. Ṣùgbọ́n reference inú C++, àlàjẹ́ ló yẹ ká pè é.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Kò sí àlàjẹ́ láìsí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ìyàwó kò sì ní gbà á lára onítọ̀hún fún ẹlòmíràn. Bu omi fún Eyínfúnjowó, ọmọ yẹn náà ló mu ún. Bẹ́ẹ̀ ni `int &b = a;` rí: b ni àlàjẹ́ a. Kọ `b = 7`, a ló di 7.

Atọ́ka ní tirẹ̀, ìwé pélébé tí a kọ àdírẹ́sì sí ni: `int *p = &a;`, p ni ìwé, àdírẹ́sì a ló wà nínú rẹ̀. O lè pa á rẹ́ kí o kọ ilé mìíràn sí i, o sì lè fi í sílẹ̀ lófìfo. Ewu rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa ará Abuja: wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé, katakata ti wó o, àdírẹ́sì ṣì wà lápò rẹ. O débẹ̀, ilẹ̀ gbalasa lo bá, tàbí kí ẹlòmíràn ti kọ́lé tirẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí o bá ṣì ń lo atọ́ka lẹ́yìn tí o ti fi àṣẹ `delete` pa ohun tó ń tọ́ka sí rẹ́.

Nígbà tí Java dé ní 1995, orúkọ reference ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ìwé àdírẹ́sì ni wọ́n fún lórúkọ náà. Ó ṣeé yí sí ilé mìíràn, ó sì lè ṣófo. Àṣìṣe tó ń yọ tí o bá lò ó lófìfo ń jẹ́ NullPointerException, pointer ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìṣírò tí a fi ń sún àdírẹ́sì síwá sẹ́yìn wà lára ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa.

Ní ti swap rẹ: fọ́tókọ́pì ìwé yẹn ni Java ń fún mẹ́tọ́ọ̀dù (àkójọ àṣẹ tí a fún lórúkọ, bíi swap rẹ). Tí mẹ́tọ́ọ̀dù bá délé náà tó kùn ún, ìwọ náà á bá ọ̀dà tuntun lára ògiri. Ṣùgbọ́n tó bá pa àdírẹ́sì rẹ́ lórí fọ́tókọ́pì tirẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò yí padà; ìdí nìyẹn tí swap rẹ fi kọ̀. Bákan náà ni èdè Python.