Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Ní Kí Oníbàárà Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú Ọjà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti ìrẹsì lẹ́bàá ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí súpámákẹ́ẹ̀tì kan nítòsí wa, àwọn oníbàárà mi kan kì í yà mọ́ àfi bí wọ́n bá fẹ́ ra àwìn. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀hún ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé wọn kò mọ irú ìsọ̀ wa rárá. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ìgbọ̀nà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ohun tí ọmọ yín bá níbẹ̀ ló sọ, ṣùgbọ́n ká ní ẹ lè wọ ìlú Amẹ́ríkà kan ní nǹkan bí ọdún 1900, ìsọ̀ tí ẹ ó bá níbẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí yín. Oníṣọ́ọ̀bù a dúró lẹ́yìn káńtà, ọjà a sì wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà a dárúkọ ohun tó fẹ́, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a wé e, wọn a kọ gbèsè rẹ̀ sínú ìwé, ọmọ iṣẹ́ a sì gbé ẹrù náà tẹ̀ lé e dé ilé. Gbogbo ìkẹ́ yìí gba owó, orí ọjà ni wọ́n sì ń gbé owó náà kà.

Ilé-iṣẹ́ A&P, tó ti New York bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwò tíì, ló wá gé ìkẹ́ yìí kù. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn pàápàá máa ń fi àwo tàbí àwòrán ṣe ẹ̀ni fún ẹni tó bá ra tíì. Ní 1912, John Hartford, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jogún iṣẹ́ náà, dá irú ṣọ́ọ̀bù mìíràn sílẹ̀: kò sí àwìn, kò sí ẹ̀ni, kò sí gbígbé ọjà relé oníbàárà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè dá a bójú tó. Ọjà kò wọ́n rárá níbẹ̀, débi pé nígbà tí yóò fi di 1930, ṣọ́ọ̀bù wọn ti tó nǹkan bí 16,000.

Síbẹ̀, káńtà ṣì wà. Clarence Saunders ló mú un kúrò, ní ìlú Memphis, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1916, nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó pè ní Piggly Wiggly. Ẹni tó bá wọlé a gba ẹnu géètì kékeré kan tó ń yí, a mú agbọ̀n, a sì tọ ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba iwájú gbogbo pẹpẹ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ olùgbowó. Iye owó wà lára ọjà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí ẹni tí èèyàn fẹ́ bá ná an. Ọgbọ́n ọ̀nà náà kò pa mọ́: ẹni tó wá ra iyọ̀ nìkan ti rí ohun mẹ́wàá mìíràn kó tó jáde. Saunders gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ètò yìí ní 1917, ṣùgbọ́n ìjà ọjà ìpín ìdókòwò gba ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1923. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà: iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń gba owó ṣe, oníbàárà ló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, ó sì ń dúpẹ́ pé ọjà kò wọ́n.

Ti títóbi ló kù. Michael Cullen, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Kroger, ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn tó ń ta oúnjẹ, kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dán ṣọ́ọ̀bù ńlá wò. Wọn kò dá a lóhùn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣí King Kullen ní Queens, New York, ní oṣù kẹjọ ọdún 1930, nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan tí owó háyà rẹ̀ kò pọ̀, tí àyè sì wà fún mọ́tò níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ìgbọ̀nà lọ́jọ́ tí ọjà kún yóò mọ ohun tí àyè mọ́tò jẹ́. Owó wọ́n lọ́wọ́ aráàlú nígbà náà, àwọn èèyàn sì rọ́ lọ síbẹ̀. Ní 1937, Sylvan Goldman ti Oklahoma City wá gbé agbọ̀n lé táyà. Ojú ń ti àwọn oníbàárà láti tì í, ló bá háyà àwọn èèyàn tí yóò máa tì í kiri nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń rajà.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kékeré kò káwọ́ gbera. Wọ́n mú kí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bu owó-orí lé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ní, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ti Indiana ní 1931. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé owó-orí náà wà lára ohun tó jẹ́ kí A&P ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù kékeré pa, tó sì fi súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá díẹ̀ rọ́pò wọn. A&P fúnra rẹ̀ kógbá wọlé ní 2015.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé àwọn àdúgbò kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò ní súpámákẹ́ẹ̀tì rárá. Báwo ni ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun kó kúrò láàárín ìgboro lọ sí ẹ̀yìn odi, súpámákẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀ lé owó àti ilẹ̀ gbalasa lọ. Àdúgbò àwọn tálákà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n fi sílẹ̀. Ní Detroit, àwọn tí kò bá wọn lọ ni àwọn onílé ìtajà aládàáni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn Chaldean tó wá láti Iraq, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ aráàlú ti ń ra oúnjẹ.