Kí ni ìtumọ̀ “ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí”?

Ìbéèrè náà nìyí: bí àléfọ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eczema, bá ń bá ẹnì kan fínra tí kò lọ bọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, kó wá nǹkan fi fọ̀ ọ́. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀?

Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí ni pé àrùn tó hàn lára ò dúró sí orí awọ nìkan, ó nílé nínú. Ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún wọn. “Ìdọ̀tí” gan-an ni mi ò gbà.

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ aláléfọ́ sínú ìgò kékeré, tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i bírí bírí, pupa á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á lé sókè. Ẹ gbé e ti ìgò ẹni tí ara rẹ̀ ń dán, ojú lásán ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Kò sí èérí níbẹ̀, kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn púrótéènì tó yòrò sínú omi yẹn ni iye wọn ò dọ́gba. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, albumin, ju ìdajì gbogbo wọn lọ, kì í ṣe òun là ń bá wí. Àwọn tí à ń wá kéré débi pé ẹ̀rọ tó gbọ́n gan-an ló lè kà wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jíṣẹ́ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara.

Lára aláléfọ́, méjì nínú àwọn ajíṣẹ́ yìí, IL-4 àti IL-13, ló sábà máa ń pọ̀ lápọ̀jù. Wọ́n ń ti ara láti ṣe IgE, púrótéènì tí ara fi ń gbógun ti ohun tó bá kà sí ọ̀tá, ìdí nìyẹn tí IgE fi ga nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. IL-31, ajíṣẹ́ mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń lọ ta iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jí, ni yíyún bá dé. Ti psoriasis, àrùn awọ mìíràn tó ń mú kí ara máa ṣí ní ìpẹ́, yàtọ̀: àwọn ajíṣẹ́ tó ń jẹ́ IL-23, IL-17 àti TNF ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ń lé sẹ́ẹ̀lì awọ níré; èyí tó yẹ kó lo bí oṣù kan kó tó dé òkè á débẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìtíì gbó, ni ìpẹ́ bá ń ṣí lára. Àrùn méjèèjì lè jọra lójú ẹni tó ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ò jọra.

Níbo wá ni àwọn púrótéènì yìí ti ń wá? Ibí yìí ni àṣìṣe ńlá wà. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní TARC. Sẹ́ẹ̀lì awọ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣe é, láti fi ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kí wọ́n wá. Àṣẹ́kù rẹ̀ ló ń ṣàn wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní Japan, àwọn dókítà máa ń wọ̀n ọ́n láti mọ bí àléfọ́ ṣe le tó. Bí ìpara bá mú kí awọ rọlẹ̀, TARC inú ẹ̀jẹ̀ náà á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọ ẹ̀jẹ̀ kankan. Ní 2006, wọ́n tún rí i pé àbùkù nínú àbùdá tó ń ṣe filaggrin, púrótéènì tó ń mú kí awọ dí dáadáa, wà lára ohun tó ń fa àléfọ́. Bí iná bá ń jó nínú yàrá, èéfín á máa gba ojú fèrèsé jáde. Ẹni tó ń nu fèrèsé ò tíì paná.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Nínú psoriasis tó le, ẹ̀dọ̀ lè máa ṣe CRP, púrótéènì tó máa ń ga bí ara bá ń wú, ju bó ṣe yẹ lọ, àrùn náà sì lè bá oríkèé ara jà. Ewu àrùn ọkàn náà máa ń ga sí i. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè nípa orúnkún nígbà tó jẹ́ pé awọ lẹ gbé wá fún un.

Ní ti fífọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: àgbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ gbuuru ò ní kó IL-17 dání lọ. Omi ara ló ń gbé lọ. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ajíṣẹ́ yìí máa ń dojú kọ púrótéènì kan ní pàtó: secukinumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún psoriasis ní 2015, ń mú IL-17A, dupilumab, tó dé ní 2017 fún àléfọ́, ń dí ẹnu ọ̀nà tí IL-4 àti IL-13 ń gbà wọlé.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn kan ń torí rẹ̀ sá fún alárùn. Àléfọ́ yìí ò ràn, psoriasis ò ràn. Wọn kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn wọ ara ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá psoriasis ló ní, kó mọ̀ pé kò tíì sí púrótéènì kan ṣoṣo tó lè dá a dájọ́. Awọ ni dókítà máa ń wò, nígbà míì á gé bín-ín-tín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.