Ìbéèrè Yín: Ṣé orúkọ kíláàsì nìkan tó láti dá ọ́bújẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ètò kọ̀ǹpútà tí mò ń fi èdè Java kọ máa ń ka orúkọ kíláàsì (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan nínú ètò) láti inú fáìlì. Báwo ni mo ṣe lè fi orúkọ náà dá ọ́bújẹ́ẹ̀tì (nǹkan tí a dá láti inú kíláàsì) nígbà tí ètò bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fún Class.forName, àṣẹ Java tó ń wá kíláàsì, ní orúkọ náà lódindi, nítorí pé "Onibara" lásán kò ní tó bó bá jẹ́ pé "banki.Onibara" ló ń jẹ́ ("banki" ni package, ìyẹn àpò tí kíláàsì náà wà nínú rẹ̀), lẹ́yìn náà, ẹ pe getDeclaredConstructor().newInstance() lórí ohun tó bá dá padà láti dá ọ́bújẹ́ẹ̀tì náà. (Láti Java 9, ní ọdún 2017, ni wọ́n ti ní ká yé pe newInstance() tààrà lórí kíláàsì.) Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, ClassNotFoundException, ìyẹn àṣìṣe pé Java kò rí kíláàsì náà, ni ẹ ó rí. Èmi kì í lo orúkọ tó ti ìta wá láìkọ́kọ́ fi í wé àkójọ èyí tí mo fọwọ́ sí.