Kápẹ́ẹ̀tì: ìgbà mélòó ló yẹ ká máa pe àwọn tó ń fọ̀ ọ́?

Ẹ ní kápẹ́ẹ̀tì yín ti lé lọ́dún mẹ́ta, ẹ ò sì tíì pe ẹnikẹ́ni wá fọ̀ ọ́ rí. Ọmọ méjì àti ajá kan ló ń sáré lórí ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kan tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ jẹ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa pe òun. Ẹ̀gbọ́n yín ní ta ló rán yín níṣẹ́, pé fífọ̀ gan-an ló ń ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ẹ wá ń béèrè ti ta ni kẹ́ ẹ gbà.

Ẹ má gba ti ìkankan nínú wọn. Ilé tí ọmọ àti ẹranko bá wà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fún gbogbo ilé. Bó bá di oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tún wá fọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rìn jù: ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, iwájú àga pálọ̀. Yàrá tí ẹnì kan ṣoṣo ń sùn sí, tẹ́nikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ̀, lè di ọdún kan ààbọ̀, ó lè di ọdún méjì pàápàá, kò sí láburú. Oṣù 12 sí 18 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì máa ń kọ sínú ìwé, àwọn míì ò sì ní dá yín lóhùn lórí wáráǹtì tẹ́ ẹ ò bá lè mú rìsíìtì jáde pé ẹni tó mọṣẹ́ lẹ pè. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Ẹ ní ó ṣì mọ́ lójú. Ẹ bá mi sún àga ńlá yẹn kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ wé ti iwájú rẹ̀. Òwú àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì lóde òní, wọ́n dìídì ṣe é kó máa bo ìdọ̀tí mọ́ra ni, nítorí náà kẹ́ ẹ tó fojú rí i, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Èérí tójú rí kọ́ ló sì ń pa kápẹ́ẹ̀tì. Yanrìn ni. Yanrìn á wọlé lọ sí ìdí òwú, bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́ ni yóò máa rẹ́ ẹ bí ayùn. Òwú tó bá ti họ kì í dán mọ́. Ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó tún un fọ̀, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn á ṣì máa ṣe bí eérú, nítorí kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀ mọ́ tẹ́nikẹ́ni máa fọ̀ kúrò.

Ohun tí mo fi ń mọ̀ nílé tèmi pé ìgbà ti tó nìyí. Mo máa ń rẹ aṣọ funfun sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá fún un dáadáa kó má kán tótó, màá fi nu ojú kan níbi tí ẹsẹ̀ ti ń rìn jù, lẹ́yìn tí mo bá ti fi fákúùmù gbá a. Bí aṣọ náà bá dúdú, ó ti di ti afọkápẹ́ẹ̀tì. Òróró ni ọ̀pọ̀ ohun tó kù síbẹ̀, ti àtẹ́lẹsẹ̀, ti ara ajá, ti èéfín ilé ìdáná, fákúùmù ò sì lè fa òróró. Bí aṣọ ò bá dọ̀tí, mo máa ń sún un síwájú, ìbáà jẹ́ pé ọdún ti yí po.

Ẹ̀gbọ́n yín náà ò parọ́ o. Wọ́n ń fọ kápẹ́ẹ̀tì bàjẹ́, nílé tèmi yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó wá lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ wọn tóbi, ẹnu wọn sì dùn. Omi gbígbóná ni wọ́n ń tú sí i, ẹ̀rọ kan náà ló sì yẹ kó fa omi yẹn jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí. Títú, wọ́n tú u dáadáa. Fífà ni wọn ò fà. Wọ́n ní kílẹ̀ tó ṣú á ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bọ́ bàtà, mo tẹ àárín pálọ̀, omi rú gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì tutù. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ti gba ilé kan. Ibi tí ọmọ mi da nǹkan mímu aládùn sí lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí gbogbo wa ti gbàgbé, òrùka pupa rúsúrúsú kan yọ síbẹ̀, ó fẹ̀ ju bí àbàwọ́n náà ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eléyìí, torí pé òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Omi tó bá wọ ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, ojú òwú ló máa gbà jáde nígbà tó bá ń gbẹ. Bó ṣe ń gòkè bọ̀, gbogbo ohun tó ti sin sísàlẹ̀ ló ń kó bọ̀, orí òwú ló sì máa já wọn sí. Ìyẹn ni àbàwọ́n tó lọ lánàá ṣe ń padà dé láàárọ̀ yìí. Omi àpọ̀jù tún ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ ìpele méjì tó wà lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì pọ̀, kápẹ́ẹ̀tì á wá máa wú lójú kan, á máa sùn lójú kejì. Bó bá sì wà ní tútù kọjá wákàtí 24 sí 48, bíbu ló kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ikọ́ fée nílé yín, ẹ fọwọ́ gidi mú apá ibí yìí: àwọn kòkòrò inú eruku tójú ò lè rí, inú ilé tó ń tutù ni wọ́n ti ń gbèrú. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọ̀ tí kò gbẹ burú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọn ò fọ̀ lọ. Ẹlòmíì ni mo pè wá kó fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde, láìfi ọṣẹ kankan sí i, a wá gbé fáànù tì í. Òórùn lọ. Òrùka yẹn ò lọ tán.

Láti ìgbà náà, kí n tó béèrè iye tẹ́ni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ máa gbà, mo máa ń béèrè wákàtí tó máa gbà kó gbẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ fún yín pé wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, ó pẹ́ tán wákàtí 24, á sì sọ irú ojú ọjọ́ tó lè mú un pẹ́. Mo máa ń wò ó bóyá ó máa fi fákúùmù gbá a kó tó da omi sí i, torí omi tó bá kan yanrìn gbígbẹ, ẹrẹ̀ ló dá sílẹ̀. Mo sì máa ń wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ máa béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe kápẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tí kò béèrè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó máa lọ.

Ọṣẹ náà ń kọ́? Èyí tí wọn ò bá ṣan kúrò máa ń lẹ̀ mọ́ òwú, eruku tó bá ń kọjá á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fọ̀ tó tún dọ̀tí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àfi kẹ́ ẹ fura sí ọṣẹ. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ máa pe òun lóṣù mẹ́ta mẹ́ta yẹn, ẹ bi í bóyá ọṣẹ tiẹ̀ kọ́ ló ń dọ̀tí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ti ajá kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá tọ̀ sílẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní fa nǹkan mọ́. Ẹ má fi aṣọ náà gbo ó. Lẹ́yìn náà, èròjà tó ní enzyme nínú, ìyẹn ohun tó ń tú ìtọ̀ palẹ̀, ló ń ba ìtọ̀ jà, ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò. Ohun tó bá ní ammonia nínú, ẹ má gbé e sítòsí: òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀, ajá á gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n yàn fóun. Ìtọ̀ tó bá ti dé fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, fífọ̀ ojú rẹ̀ ò ràn án, gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ lẹ máa gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n máa ká a sókè, wọ́n á gé fóòmù ibẹ̀ dànù.

Bó bá jẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi hun tiyín, bílíìsì ò gbọ́dọ̀ kàn án. Kì í pa á láwọ̀ dà nìkan, ó ń jẹ irun náà ni. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n fọwọ́ hun, kí wọ́n gbé e kúrò nílé lọ fọ̀ ọ́ tojú tẹ̀yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi aṣọ funfun tútù wò ó bóyá aró rẹ̀ ń ṣí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí mo sọ yẹn, fákúùmù ló ń jẹ́ kó tó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ní tiyín pẹ̀lú ajá yẹn, ẹnu ọ̀nà sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rọra tì í, ẹ gba iwájú, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń sáré tì í, orí òwú ló ń gbá, yanrìn ìdí rẹ̀ ò mì. Ẹ má jẹ́ kí àpò rẹ̀ kún jù kẹ́ ẹ tó dà á nù. Ẹ tẹ́ ìnusẹ̀ síta, ẹ tẹ́ òmíràn sínú. Bẹ́ ẹ bá lè mú àwọn ọmọ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rí i pé aṣọ funfun yẹn á pẹ́ kó tó dúdú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fọ̀ ọ́, ẹ mú ọjọ́ tí òjò ò ní rọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tan fáànù. Àga tí wọ́n bá sì dá padà kó tó gbẹ, ẹ fi fọ́ìlì há abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ kejì, torí irin á dípẹtà sí i, igi tí wọ́n kùn á sì pọ aró sí i, méjèèjì ò sì ṣeé fọ̀ kúrò.