Ẹ̀fọ́ Gbígbìn Sórí Ẹrẹ̀ Tí Wọ́n Kó Jáde Láti Inú Odò Àlà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo ní àkùrọ̀ kan létí Odò Àlà ní Àkúrẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n fi katapílà gbẹ́ odò náà, tí wọ́n sì da ẹrẹ̀ rẹ̀ sórí ilẹ̀ wa. Ẹ̀fọ́ ń hù dáadáa níbẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kan ní májèlé wà nínú ilẹ̀ náà. Ṣé kí n ṣì máa gbìn ín?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀, ẹ má sì tíì tà á, títí ẹ ó fi ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ náà. Bí ẹ̀fọ́ ṣe ń hù dáadáa kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí májèlé níbẹ̀, nítorí pé ẹrẹ̀ odò lọ́ràá, ewé tútù yọ̀yọ̀ sì lè ní cadmium (irú irin olóró kan) tó pọ̀ ju èyí tó yẹ kí ènìyàn jẹ lọ láìfi àmì kankan hàn.

Àárín ìlú ni Àlà ń gbà kọjá, omi òjò sì ń gbá ìdọ̀tí ojú títì àti ti ọgbà mẹkáníìkì lọ sínú rẹ̀. Òjé, cadmium àti sínkì inú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tó kúnná; wọn kì í jẹrà. Ẹrẹ̀ àtijọ́ tilẹ̀ lè burú ju ti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé kí ọdún 2006 tó dé, epo bẹtiróòlù tí wọ́n po òjé mọ́ ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi, imí ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń di cadmium mú; bí wọ́n bá kó o síta tí afẹ́fẹ́ kàn án, imí ọjọ́ náà lè di ásíìdì, cadmium á sì tú sílẹ̀ fún gbòǹgbò láti fà. Létí odò Scheldt ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti da irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí, inú ewé igi tó hù sórí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bá cadmium àti sínkì.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò wò. Bí ẹ bá bá ẹrẹ̀ dúdú tó ní ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò nínú, tí ilẹ̀ tó yàtọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé ibi tí wọ́n dà á sí nìyẹn. Ẹ bu ilẹ̀ ní nǹkan bí ojú 15, láti òkè dé sẹ̀ntímítà 20, kí ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹ tún bu òmíràn lọ́tọ̀ níbi tí àkúnya omi kì í dé, kí ẹ lè fi wé e. Yàrá àyẹ̀wò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi FUTA ni kí ẹ béèrè sí, kí wọ́n wọn òjé, cadmium àti bí ilẹ̀ náà ṣe kan tó (bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó).

Ní ti ewé fúnra rẹ̀, òdiwọ̀n àgbáyé ti Codex (ìgbìmọ̀ tó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún oúnjẹ) kò fàyè gba ju mílígíráàmù 0.2 cadmium àti 0.3 òjé lọ nínú kìlógíráàmù ẹ̀fọ́ kan. Fífọ̀ dáadáa lè dín òjé kù, torí pé eruku àti ẹrẹ̀ tó ta sí ewé ló sábà ń gbé e wá, ṣùgbọ́n cadmium ti wọ inú ewé ní tirẹ̀. Bí èsì kò bá burú púpọ̀, ẹ lè fi láìmù oko (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́) dín kíkan ilẹ̀ náà kù, kí ẹ sì fi àgbàdo tàbí tòmáàtì rọ́pò tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, nítorí pé ewé ló máa ń kó cadmium jọ ju èso lọ.

Bó bá burú, ẹ má ro ibẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣeré níbẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bàjẹ́ jù. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni wá bu ilẹ̀ dúdú náà lọ fi gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé níbòmíràn.